Àjẹ́ Ké Lánàá, Mọ́tò Gbọ̀n Lónìí

Mo ti dá ẹjọ́ kan rí tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n dá. Mo fẹjọ́ ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan sun ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ sì fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ náà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo ni mọ́tò ni mo ba mọ́tò jẹ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi, torí ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún mi: ṣé ìfura tó ohun tí èèyàn ń fi dá ọmọnìkejì ẹ̀ lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

BMW E36 ni mọ́tò náà, irú èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Irin gígùn kan wà lábẹ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì níwájú lọ sí differential lẹ́yìn. Propeller ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Ọ̀tọ́máátíìkì ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ kọṣẹ́, mo ní mánúà ni mo fẹ́, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kìlọ̀ fún mi tó. Mo ra gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ní Ládìípò l'Ékòó, a wá propeller tó bá a mu, wẹ́dà sì rọ irin tí ìdí gíábọ́ọ̀sì máa jókòó lé.

Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, ọ̀pá gíà ń kan ara mọ́tò. Ọ̀gá ní ká tú u, ká lọ tún irin yẹn rọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ara sì ti ń yá mi láti wa mọ́tò mi lọ sílé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn fi irin pẹlẹbẹ há a, kí ìdí ẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò." Wọ́n fi irin há a, ìdí gíábọ́ọ̀sì lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo wa mọ́tò lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ irin yẹn pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà á káàkiri Ìbàdàn, Bódìjà sí Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀ sí Ring Road. Pẹ̀lú kòtò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mi ò rò pé mo sáré ju 70 km/h lọ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ni bíréèkì ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi bíréèkì tuntun sí i, ó dá táyà padà. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó pọ̀n.

Ní 90, kò sí nǹkan. Ní 100, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ìjókòó. Nígbà tí mo dé 110 (mo mọ̀ pé 100 ni òfin gbà, ẹ má tíì bá mi jà), gbogbo ara mọ́tò ń gbọ̀n, dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn ń gbọ̀n débi pé mọ́tò kan tó wà lẹ́yìn mi di méjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ta ló fọwọ́ kan táyà kẹ́yìn? Ọmọ yẹn ni. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo pariwo, mo ní, "Ọmọ yín fẹ́ pa mí!"

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Láti kékeré la ti ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ pa á lẹ́nu, ọkàn mi ló pa á. Ọwọ́ ọmọ yìí kan mọ́tò lánàá, mọ́tò gbọ̀n lónìí. Kí la tún ń wádìí?

Ó ku oṣù kan péré kí ọmọ náà gba fríídọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá fi oṣù mẹ́fà kún un. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, ẹ má bínú, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, fọkanáísà tún gbogbo táyà yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀tì kankan ò tú. Ó báláǹsì wọn, mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. A gbé táyà iwájú sẹ́yìn, a gbé tẹ̀yìn síwájú, ó ń gbọ̀n bákan náà. Ibẹ̀ lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Àwa tí a ń kọ kóòdù ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ git blame. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á fi orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn hàn ẹ́. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé orúkọ tí àṣẹ yẹn bá mú wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹni tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó kàn tún àlàfo inú ìlà náà ṣe ni. Mo mọ èyí níwájú kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí mi ò mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì?

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun kọ̀ọ̀kan tó ń yí lábẹ́ mọ́tò ló ní bó ṣe ń yára tó, ìgbọ̀n tó bá sì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá á máa bá ìyára ẹ̀ rìn. Táyà mi máa ń lọ nǹkan bíi mítà 1.97 ní ìyípo kan. Ní 110 km/h, ó ń yí nígbà 15 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Propeller mi ń yí nígbà 3.45 fún ìyípo táyà kan, ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 53 àti ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wakọ̀, èmi jókòó sẹ́yìn, mo de fóònù mi mọ́ irin ìdí ìjókòó. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, àwọn ará yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n. Ó kà á fún mi: nǹkan bíi ìgbà 107 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kì í ṣe 15. Níbẹ̀ yẹn gan-an lọ́wọ́ ọmọ náà ti mọ́. Ṣùgbọ́n ta lọ́wọ́ ẹ̀ ò mọ́?

107 jẹ́ ìlọ́po méjì ìyípo propeller. Ìṣòro tó kù ni pé nínú gíà karùn-ún ti gíábọ́ọ̀sì mi, ẹ́ńjìnnì àti propeller ń yí dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin sì máa ń jó epo lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà tún jẹ́ 107. Afurasí méjì ló ń jọ rìn, tí ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Kò sí bó o ṣe lè tẹjú mọ́ wọn tó, o ò lè mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn, àfi tó o bá yà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi bá bọ́ sí gíà kẹrin, ó dúró lórí 110 yẹn náà. Ìyípo ẹ́ńjìnnì lọ sókè, láti nǹkan bí 3,200 sí 3,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní ẹ́ńjìnnì ni, ìgbọ̀n náà ì bá lọ sí nǹkan bí 130. Kò mira. 107 náà ni.

Propeller ni, ó sì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kan. Ká ní kò báláǹsì ni, ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá máa gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí oríkèé. Propeller ní oríkèé bí apá èèyàn ṣe ní. Tó bá tẹ̀ níbi oríkèé, apá ẹ̀yìn kì í yí déédéé mọ́: láàárín ìyípo kan, á yára lẹ́ẹ̀mejì, á falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oríkèé kejì sí i, kí èkejì lè máa fa ohun tí àkọ́kọ́ bá yára padà. Àmọ́ àfi tí títẹ̀ oríkèé méjèèjì bá dọ́gba. Tí kò bá dọ́gba, ohun tó ṣẹ́kù láàárín wọn ló máa di ìgbọ̀n, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń le sí i. O lè máà mọ̀ ọ́n lára rárá ní 70.

Mo rá wọ abẹ́ mọ́tò láti wọn bí ó ṣe tẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí irin pẹlẹbẹ yẹn. Sẹ̀ǹtímítà méjì mi.

Ìwà ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju báyìí lọ: ọjọ́ tí mo rí àìsàn ni mo pè ní ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò yẹn fi ní àrùn lára tí mi ò mọ̀, torí mi ò tíì sáré débi tó ti máa sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kàn ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí mo sì ń ka àwọn tó ṣeé ṣe kó jẹ̀bi, mo ka gbogbo ọwọ́ tó kan mọ́tò, mi ò ka ọwọ́ tèmi.

Ẹnìkan lè sọ pé ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Tí mọ́tò bá gbọ̀n lábẹ́ ẹ, dúró, yẹ táyà wò, má dúró de ẹ̀rí. Ìfura tó fún ìyẹn, torí pé bí o bá ṣì í, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lo pàdánù. Ṣùgbọ́n ìfura tí a fi ń ṣọ́ ara ẹni yàtọ̀ sí ìfura tí a fi ń fìyà jẹ ẹlòmíràn. Nínú èyí kejì, tí o bá ṣì í, ìwọ kọ́ lo máa san án. Òwe àjẹ́ náà ò burú tí a bá gbọ́ ọ dáadáa: ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dọ̀ àjẹ́ àná. Kò ní kẹ́ ẹ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ká tó gé e, ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí jù. Ọ̀gá mọ̀ nípa irin yẹn. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá dá mi lẹ́bi, oníbàárà lọ. Tí mo bá dá ọ̀gá lẹ́bi, ta ló máa bá mi tún mọ́tò ṣe? Ọmọ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀ tí dídá a lẹ́bi ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kì í ṣe ẹ̀rí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti dẹ̀ ni ọ̀bẹ wa wọlé.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lójú ọ̀gá àti àwọn ọmọṣẹ́ yòókù. Ọ̀gá yọ oṣù mẹ́fà yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, ọjọ́ fríídọ̀mù ti lọ, ìyá ẹ̀ tó ti ra aṣọ ti sọ fún ẹbí pé ó ti yẹ̀. Nínú kóòdù, o lè dá iṣẹ́ àná padà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ìyẹn padà.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti rí irin yẹn tẹ́lẹ̀.

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí mo ṣe bíréèkì, mo rí i pé propeller yẹn ò dúró dáadáa."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ó ti gba fríídọ̀mù báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ń gbé mọ́tò lọ. Tó bá ti tú táyà, kó tó gbé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, á pè mí kí n wá dúró tì í. Á de nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o, mo dè é." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Mo máa ń wò ó, títí á fi de ìkẹyìn.