Ìwọ̀n Òòjọ́

Ẹ ka: Ẹ́kísódù 16:13-21

Ní Kurgan, ìlú kan ní Sáíbéríà nílẹ̀ Rọ́ṣíà, Dókítà Gavriil Ilizarov ń tọ́jú àwọn tí eegun wọn kán tó sì kọ̀ tí kò jinná. Ogun àgbáyé kejì ti parí, ṣùgbọ́n àwọn tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ṣì pọ̀ lọ jàra. Ní nǹkan bí ọdún 1951, ó ṣe férémù kan tí wọ́n ń gbé wọ ẹsẹ̀ láti ìta. Òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ẹran lu eegun já sí òdìkejì, nọ́ọ̀tì sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fẹ́ fi fún ojú eegun méjèèjì mọ́ra, kí wọ́n lè di ara wọn mú.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé aláìsàn kan tí wọ́n ní kó máa yí nọ́ọ̀tì tirẹ̀ yí i sí òdì. Kàkà kí eegun sún mọ́ra, ńṣe ló ń jìnnà síra. Nígbà tí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, eegun tuntun ti ń hù nínú àlàfo náà.

Láti ìgbà náà ni Ilizarov ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n tí wọ́n lè fi fa eegun kó gùn. Wọ́n á gé eegun, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 sí 7, kí wọ́n tó máa fà á: mìlímítà 1 lóòjọ́, tí wọ́n tún pín sí mẹ́rin, ìdá kan ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Bó bá yá jù, àlàfo lásán ni wọn yóò bá. Bó bá falẹ̀ jù, eegun á ti dì pa kí gígùn tí wọ́n ń wá tó pé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ntímítà 5 kúrú yóò yí nọ́ọ̀tì fún bí ọjọ́ 50, yóò sì tún gbé irin náà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí eegun tuntun tó le. Wọn ò sì ní kó dùbúlẹ̀ tì í. Wọ́n fẹ́ kó máa fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, torí eegun tí kò ru ẹrù kì í le.

Bí mánà, oúnjẹ òòjọ́ tí Ọlọ́run rọ̀ fún Ísírẹ́lì nínú aginjù, ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó kó tọ̀la mọ́ tòní, ìdin ló bá níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó jókòó sínú àgọ́ títí oòrùn fi mú, ó ti yọ́ mọ́ ọn lójú. Ilizarov ò lè hu eegun, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè rọ̀jò mánà; ọwọ́ èèyàn kàn ń yí nọ́ọ̀tì ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ò bá yí i, ẹsẹ̀ ò ní gùn.

Àwa kan fẹ́ fi àìsùn òru kan tún ìgbéyàwó tó ti ń kán láti ọdún mẹ́wàá ṣe. Àwọn kan ti fi tiwọn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọn ò sì kí ìyàwó láàárọ̀ yìí. Ìkíni yẹn lè má ju ìdámẹ́rin mìlímítà lọ.

Àdúrà: Bàbá, rántí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù eegun lónìí, tí ojú ihò wáyà ń ro ó. Ẹni tí mo ń bá yodì, jẹ́ kí n kí i kí ọ̀sán tó pọ́n. Lórúkọ Jésù. Àmín.