Ta ni yóò di okùn rẹ mú?

Ọ̀tà jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá gba Ṣàngó kọjá lọ sí Ìyànà Ìyẹsí, eruku, ọkọ̀ àjàgbé àti èéfín iléeṣẹ́ irin ni yóò rí. Kò ní rí ẹnikẹ́ni tó pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn tó fẹ́ lọ mòòkùn. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà táwọn tó ń mòòkùn máa ń bi ara wọn, pé ṣé ó yẹ kéèyàn wo ti ọkùnrin tàbí obìnrin kó tó yan ẹni tí wọn yóò jọ wọ ibú. Ìbéèrè Ọ̀tà ni ìbéèrè yẹn. Nínú ọgbà àwọn iléeṣẹ́ wa, táńkì wà tí wọ́n ń wọ inú rẹ̀ fọ̀, kòtò ẹ̀gbin wà tí wọ́n ń kó, bọ́ílà wà tí wọ́n ń há sínú rẹ̀ tún ṣe. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́nu ihò nìkan ló kù tó so ó mọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo omi. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lára ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Tó bá dé mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Bó ṣe ń jìn sí i ni afẹ́fẹ́ inú àgbá ń yára tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ ní méjì-méjì: bí afẹ́fẹ́ ẹnì kan bá tán, ẹnìkejì a fún un ní ẹnu ìmí kejì tó so mọ́ àgbá tirẹ̀, wọn a sì jọ rọra gòkè. Omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé èèyàn níbẹ̀, nítorí náà ipá kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Kódà, ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ tán, torí ẹ̀dọ̀fóró ńlá ló fi ń mí.

Ní erékùṣù Jeju, ní South Korea, obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ ìmòòkùn láti ọjọ́ pípẹ́. Haenyeo ni wọ́n ń pè wọ́n, UNESCO sì fi àṣà wọn sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé lọ́dún 2016. Wọn kì í pọn àgbá kankan. Èémí tí wọ́n bá fà sínú lókè ni wọ́n ń ná nísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ara wọn sí gẹ́gẹ́ bí òye àti ìrírí, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ló sì ń tọ́ àwọn yòókù. Wọn kì í dá lọ. Ẹni tó bá ní obìnrin ò ṣeé bá wọ omi, kó lọ wí i lójú ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan ní Jeju, ká gbọ́ èsì tí yóò gbà.

Ní ti orílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ Harrison Okene kò tíì tán lẹ́nu. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun nítòsí Escravos, ó sì rì dé nǹkan bíi mítà 30. Àwọn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há síbì kan. Òkú làwọn tó mòòkùn lọ síbẹ̀ fẹ́ gbé. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan, ó rò pé ti òkú ni, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú. Ẹnì kan wà lórí omi tó ń bá a sọ̀rọ̀ létí, tí kò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi mú Okene jáde. Okene fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ṣẹ́ ìmòòkùn.

Irú ẹni tó wà lókè yẹn ni Ọ̀tà nílò lẹ́nu táńkì. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 19.5 lọ, inú ewu lẹni tó wọ ibẹ̀ wà. Ìpẹtà ara táńkì irin ń jẹ ọ́síjìn. Ẹ̀gbin tó ń jẹrà ń tú gáàsì tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́ bó bá ti pọ̀ jù. Lọ́dún 1986, àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ síwèé pé nínú 100 èèyàn tó ń kú sírú ibi bẹ́ẹ̀, ó ju 60 lọ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ lọ gbà là. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ àṣà Yorùbá, ń ka àwọn ìwà ọmọlúàbí, ó ka akínkanjú mọ́ ọn, ó sì ka ọpọlọ pípé mọ́ ọn. Ẹni tó fò sínú táńkì tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìwọ ohun ìmí ní ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni kò ní, ìyá méjì ló sì máa sunkún.

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Mo fara mọ́ ọn. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà náà kò sọ ti ọkùnrin: ó ní kí ẹni tó lágbára àtifa ẹni tó wọ táńkì jáde di ìdí okùn tí wọ́n so mọ́ bẹ́líìtì onítọ̀hún mú níta. Ká sì sòótọ́, ọkùnrin kan ṣoṣo kò lè fọwọ́ lásán fa ẹni ọgọ́rin kílò tó ti dákú jáde nínú ihò tóóró. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n so ẹ̀rọ ìfàkùn mọ́ ló ń ṣe é, obìnrin sì lè yí ọwọ́ rẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ wa ló ṣì wà láyé àtijọ́: ìpín 55 kò fẹ́ kí obìnrin ṣiṣẹ́ òru níléeṣẹ́, àfi àwọn bíi nọ́ọ̀sì àtàwọn tó wà nípò ọ̀gá, ìpín 56 kò jẹ́ kí wọ́n wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wa kùsà.

Ṣùgbọ́n òwe ejò yẹn kò tán ọ̀rọ̀. Ibì kan wà tí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ti ń pani, ẹnu ni. Àwọn tó ń mòòkùn ní àdéhùn kan: ẹnikẹ́ni, nígbàkígbà, lè ní òun ò lọ mọ́, wọn kì í sì í bi í nídìí. Ẹ mú àdéhùn yẹn wá sí Ọ̀tà. Ọkùnrin tí obìnrin ń wò kì í fẹ́ sọ pé àyà òun ń já. Obìnrin kásúà tó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀," wọn a bi í pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Bó bá di ọjọ́ kejì, wọn ò ní mú un wọlé mọ́, torí ogunlọ́gọ̀ tó ń wáṣẹ́ ti dúró sí géètì láti ìdájí. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tó sọ ní àìní ìtẹríba. Irọ́ ni. Ìtẹríba tí à ń sọ kò ní kéèyàn panu mọ́ kí ẹlòmíràn kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tó fi àyẹ̀wò bẹ́líìtì bojú tó ń fọwọ́ pa obìnrin lára: báwo ni obìnrin náà ṣe fẹ́ fọkàn tán an pé yóò di okùn mú?

Èmi ò ní wo ti ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tó lè sọ fún mi lójú pé kí n má wọlé, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ lọ dáhùn fóònù, ni mo fẹ́. Ẹ̀yin fóòmáànù àti súpáfáísọ̀ Ọ̀tà, ẹ jọ̀ọ́, bó bá tún kan ẹnì kan láti wọ táńkì, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ yan ẹni tí yóò di okùn òun mú, bó bá sì ní òun ò wọ̀ ọ́, ẹ má lé e lẹ́nu iṣẹ́.