Èwo Ni Òòfà Tó Lágbára Jù?

Irin, neodymium àti boron ni wọ́n pò pọ̀ di òòfà tó lágbára jù lọ lọ́jà lónìí. Masato Sagawa ní Japan àti John Croat ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ipele rẹ̀ tó wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti N35 títí dé N52, ó sì rọrùn láti gbà pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló lágbára jù. Ìdáhùn yẹn kò pé. Ìbéèrè kan tó ti pẹ́ ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀: ṣé inú ohun kan ni agbára rẹ̀ ń gbé, àbí àárín ohun náà àti iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́?

Aristotle ròyìn nínú ìwé rẹ̀ lórí ọkàn pé Thales ará Miletus ka òòfà sí ohun tó ní ẹ̀mí, nítorí pé ó ń mú irin rìn. Lójú Thales, inú òkúta náà gan-an ni agbára wà.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé N fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ohun tó ń wọ̀n ni iye agbára tí òòfà lè nà síta, bí a bá fi ìwọ̀n àyè kan náà ṣe ìdíwọ̀n gbogbo wọn. N52 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdámẹ́rin ju N42 lọ. Ṣùgbọ́n N35 tó tóbi dáadáa yóò fa irin ju N52 tín-ín-rín lọ, ọ̀dà díẹ̀ tó bá sì wà láàárín òòfà àti irin ti tó láti dín ìfà náà kù.

Agbára kejì wà tí nọ́ńbà kò sọ rárá: agbára láti má ṣe yẹ̀ nígbà tí ooru tàbí òòfà mìíràn bá dojú kọ ọ́. Lẹ́tà ẹ̀yìn nọ́ńbà ló ń sọ ìyẹn. Èyí tí kò ní lẹ́tà kò gbọdọ̀ gbóná ju nǹkan bíi dígírì 80 lórí ìwọ̀n Celsius lọ. M fara da 100, H 120, SH 150, UH 180, EH 200. Dysprosium tàbí terbium ni wọ́n sábà ń fi kún un kó lè ní ìfaradà yìí. Òòfà inú àwọn èròjà méjèèjì, ẹ̀wẹ̀, ìhà òdìkejì ti irin ló kọjú sí, nítorí náà bí ìfaradà ṣe ń pọ̀ ni ìfà ń dín. Ìwà èròjà náà fúnra rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe àìmọṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ńlá àti lẹ́tà ńlá kì í fi sábà pàdé lára òòfà kan.

Ìrísí pàápàá ń dá sí i. Bí wọ́n bá gé òòfà méjì lára bulọ́ọ̀kù kan náà, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan gùn, èyí tó pẹlẹbẹ yóò kọ́kọ́ pàdánù agbára rẹ̀ nínú ooru, torí pé ìrísí rẹ̀ ń mú kó bá ara rẹ̀ jà. Níbí ni ọ̀rọ̀ Thales ti kù díẹ̀ káàtó. Òótọ́ ni pé ohun kan wà nínú òòfà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ó lágbára ju òmíràn lọ láìkọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń yan òòfà, ooru ni kó kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà àyè, kó tó kan nọ́ńbà. N35 tó fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. N52 yẹ fún ohun èlò kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, níbi tí àyè kò sí. Mọ́tò ọkọ̀ oníná ń fẹ́ SH tàbí UH. Bí ooru bá wá ju 200 lọ, samarium àti kóbálítì ló kàn: nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ìwọ̀n kan náà kì í sábà kọjá 32, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ ní dígírì 300, níbi tí N52 kò ti wúlò mọ́. Nínú ilé tí ọmọdé wà, òòfà kéékèèké kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọwọ́ wọn, ipele yòówù kó jẹ́: méjì tí ọmọ bá gbé mì lè fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì, kí wọ́n sì dá ihò sí i.