Gbèsè Ojú Àlejò

Ojú àlejò là ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Wọn kì í pa òwe yìí sí àlejò létí. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ṣí, tí ìyàwó ilé ń ká aṣọ ibùsùn, tí ọkọ ń ka owó tó ṣẹ́kù lápò, ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn máa ń fà á yọ, èkejì á sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìráhùn lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ló wà níbẹ̀, ìṣirò náà sì le.

Ibi tó dára láti wò ó ni ẹ̀bá títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, láàárín Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko tí àwọn ará ibẹ̀ ń gé kúrú sí Okoko. Títì yìí wà lára ọ̀nà tó so Èkó mọ́ Abíjàn, tó gba Kútọnu, Lómè àti Akra kọjá, tó sì lé ní 1,000 kìlómítà. Ẹni tó wakọ̀ bọ̀ láti Akra, tó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè Sẹ̀mẹ̀, tó ní ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tàbí tó ń ta ẹ̀rọ lọ́jà Alábà, ó di dandan kó yà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní 1979 gbà á láàyè fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Iye ọjọ́ tó lè lò nínú yàrá àti pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kò sí nínú àdéhùn kankan.

Ká ní ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ìsinmi gidi ni lójú tirẹ̀: ó sùn di agogo mẹ́sàn-án, ó jẹun, ó tún na ẹsẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń tú ìtàn ìgbà èwe palẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ wá yọjú sí ilé ìdáná. Ẹja tí ìyàwó ilé rà ní Ìyànà-Ìba, àárín rẹ̀ ni àlejò ń jẹ. Ìrù ni ti àwọn ọmọ. Ìyá tó ń tajà níkorítà ní ìwé kan tí wọ́n fi okùn so bírò mọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ sí: búrẹ́dì, ẹyin, mílíìkì. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ á rọra sọ pé, "Màmá mi ní kí ẹ bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀." Ó kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé wọn kì í pariwo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí àlejò bá wà nílé. Mẹ́ruwà ń já kẹ́ẹ̀gì omi ní ìlọ́po méjì. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n máa ń tètè pa wá ń ké mọ́jú, kí ooru má baà mú àlejò, bẹ́ẹ̀ lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí.

Àlejò tún fẹ́ fojú kan Erékùṣù Èkó. Reluwé tí wọ́n ń pè ní Blue Line, Okokomaiko ni wọ́n ṣètò pé yóò dé, 27 kìlómítà láti Marina. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, 13 kìlómítà péré, Mile 2 ló parí sí. Ta ni yóò wá sọ fún ọ̀rẹ́ tó wakọ̀ láti Akra pé kó lọ wọ dánfó dé Mile 2? Onílé gbé ọkọ̀ tirẹ̀ jáde.

Àwọn kan á ní ṣekárími ni. Ìdajì òwe náà ni wọ́n gbọ́. Ìtìjú ló ń mú gbèsè wọlé lóòótọ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rí ilé òun bó ṣe rí nígbà tí àlejò ò sí. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ṣekárími fẹ́ kí ayé rí òun. Òwe yìí ní ẹ̀yìn ni kí a ti san án, níbi tí ẹni tí a ṣe é fún kò ní sí láti kan sáárá síni. Onílé tó bá ka ìnáwó rẹ̀ sí àlejò létí ti gba oúnjẹ padà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà ti rí òdìkejì òwe yìí. Ní 1830, òyìnbó arìnrìn-àjò Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò nílùú, ló gbà wọ́n lálejò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn lórí ẹ̀bùn ló ń bèèrè, wọ́n sì fi ìkanra kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò wọn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá kábíyèsí wí jù. Ọba tí ìtẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ohun tó ń wá. Síbẹ̀, àlejò ló jẹ gbèsè níbẹ̀, tó sì san án lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí fi ààlà sí i: ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, ohun tó bá lé, sàárà ni. Yorùbá kò dá ọjọ́, ó fi kíkà sílẹ̀ fún làákàyè àlejò. Èyí tí kò bá ní in ni wọ́n fi òwe mìíràn bú: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ̀ kan ẹ̀wà.

Ohun kan wà tí òwe gbèsè yìí kò sọ, òun sì ni àléébù rẹ̀: ẹni tó ń san án. Ọkọ ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Owó àjọ ìyàwó ló sábà máa ń pa ìwé ìyá oníkorítà rẹ́. Lọ́jọ́ ìlọ, àlejò á ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú wàhálà o, ọbẹ̀ yín dùn," á sì fi owó tó fẹ́ fi sílẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó gba kú wàhálà, ọkọ gba owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Sẹ̀mẹ̀ bọ̀, ẹ ra àgbọn ní Àgbádárìgì fún àwọn ọmọ, ó dára. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé gan-an, ẹ pe ẹni tó ń dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fún un lówó ọjà.