Ẹni Tí Ó Yá Àlejò Ní Ẹnu

Ìbéèrè kan ń dà wá láàmú, a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò: ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún àlejò, ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti dín ọ̀rọ̀ kù nítorí àánú?

Níhìn-ín ní Paouignan, lágbègbè òkè Dassa, ògbufọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Màhí ń bẹ, Ìdáàṣà ń bẹ, Faransé ni èdè ìjọba, ọ̀nà Kútọnu sí Parakou sì ń kó àlejò wá bá wa lójoojúmọ́. Pọ́ọ̀lù pàápàá sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí kò bá sí ògbufọ̀, kí ẹni tó ń fọ èdè àjèjì dákẹ́ nínú ìjọ. Àjàyí Crowther ṣe ògbufọ̀ nínú ọkọ̀ tó gba Odò Ọya lọ ní 1841, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Tẹlifóònù ló wá sọ iṣẹ́ yìí di ńlá. Ìjọba Australia ti fi ògbufọ̀ sórí tẹlifóònù fún àwọn àjèjì láti 1973. Ní Kòríà ti Gúúsù, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2002, àwọn ará ìlú yọ̀ǹda fóònù ara wọn fún àlejò, wọn ò gba kọ́bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí ọ́fíìsì kankan. Àwa tí a ka ìwé Faransé díẹ̀ ní alákọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ èyí tí a ṣe. Obìnrin oníṣòwò kan wá láti apá Ṣakí, ó wá ra gaàrí. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, egbò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dé ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì ò gbọ́ Yorùbá, òun náà ò gbọ́ Faransé, ni wọ́n bá pè wá. Nọ́ọ̀sì ní kí a sọ fún un pé bí kò bá dé ilé ìwòsàn ńlá láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ó lè di pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Àyà wa já. Obìnrin náà ní, "Bàbá, kí ni wọ́n wí?" A ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kí o lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Má bẹ̀rù."

Irọ́ dà níbẹ̀? Kò sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò sí níbẹ̀, gígé kò sí níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún wa, ó padà sọ́jà títí gaàrí rẹ̀ fi pé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà nílùú rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó tún pè wá. Kò bú wa o. Ó kàn ní, "Bàbá, ṣé nọ́ọ̀sì ò sọ fún yín ni?"

Arákùnrin kan ní kí a má dá ara wa lẹ́bi, pé Yorùbá kì í sọ pé ọba kú, wọ́n ní ó wàjà ni. Àgbà a máa di ọ̀rọ̀ líle sínú ewé. Òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tiwa. Èyí kì í ṣe tiwa. Ọmọ tí a fi owó rán lọ sọ́jà, bí ó bá mú nínú rẹ̀, olè ni, ìbáà ṣe pé aláìní ni ó fi ta lọ́rẹ. Obìnrin yẹn ló yẹ kí ó fi gaàrí àti ẹsẹ̀ sórí ìwọ̀n, àwa gba ìwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé, ká má tan ara wa, àánú rẹ̀ kọ́ ló ṣe wá tó bẹ́ẹ̀; ẹnu wa ni kò lè gbé e.

Ògbufọ̀ ni Jósẹ́fù fi bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Íjíbítì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn dùn ún, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sunkún, ó sì padà wá. Kò sí ẹni tó ní kí ògbufọ̀ má sunkún.

Nísinsìnyí, kí a tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń sọ fún àwọn méjèèjì pé gbogbo ohun tí wọ́n bá wí ni a ó tú. Faransé tí kò bá yé wa, a ó béèrè, ojú kì í tì wá mọ́. Àwọn tó ń gbé àṣírí aláìsàn lọ sábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ tiwọn ò gùn: ẹ pa ẹnu mọ́.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè wá nítorí ọmọ ọkùnrin kan tó ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ náà kò sì dára. A sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bàbá ọmọ náà dákẹ́, a ń gbọ́ ariwo zémìjàn tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." A sì tún un sọ.