Ìrètí tí a Gbé Ka Orí Ọ̀dọ́

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16, ẹsẹ 1 títí dé 13.



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dùn lẹ́nu àwọn ọkùnrin ìjọ wa nígbà tí ìsìn òwúrọ̀ bá parí, tí a sì dúró ní àgbàlá láti kí ara wa. Kì í ṣe ìwàásù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni wọ́n ń sọ; ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ìlú Àkúrẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí à ń pè ní Sunshine Stars, tí ó ti gbé orúkọ ìpínlẹ̀ wa dé ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2011, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kù sẹ́yìn nínú ìdíje Confederation Cup ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2012, wọ́n tún wà nínú mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje tí ó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, kí Al Ahly ti ilẹ̀ Íjíbítì tó dá wọn padà. Ṣùgbọ́n ní òpin ìdíje ọdún 2024 sí 2025, ẹgbẹ́ yìí kan náà já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì banújẹ́. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọkàn ènìyàn ti rí! Omijé kò tíì gbẹ lójú wọn tí wọ́n ti ń wí pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọdé wọ̀nyí gbó díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i."

Èmi kò wá láti bá ẹnikẹ́ni wí nítorí irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè ní ìrètí lórí ọmọdé kò lè ṣe olùkọ́, kò sì lè ṣe òbí. Àwọn àgbà wa wí pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni í ti í jẹnu ṣámúṣámú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ní oṣù yìí ni èyí: irú ìrètí wo ni a ń gbé ka orí àwọn ọmọ wa? Kí ni a sì ń ṣe sí ọmọ náà nígbà tí ìrètí ọ̀hún bá pẹ́, tàbí tí ó bá tilẹ̀ kùnà?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan láti òkè òkun là á yé yín. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe eré bọ́ọ̀lù kan tí a ń fi ọwọ́ gbá, tí a sì ń jù sínú àwọ̀n tí a so sókè. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń péjọ láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àṣà wọn ni pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní ọdún tí ó kọjá ni a ń fún ní àǹfààní láti kọ́kọ́ yàn, kí aláìlera lè rí ọwọ́ gbé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó kùnà jù lọ ni ìrètí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù lọ ní ọjọ́ yíyàn náà.

Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ ìlú Houston ni ó kọ́kọ́ yàn. Ìdíje 82 ni wọ́n ti ṣe kí ọjọ́ náà tó dé, 14 péré ni wọ́n sì borí. Wọ́n yan Ralph Sampson, ọmọkùnrin kan tí ó ga ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn lọ, gbogbo ìlú sì yọ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n sọ owó fàdákà sókè láàárín Houston àti Portland láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn. Owó náà ṣubú sí ọ̀dọ̀ Houston. Ẹ rántí ohun tí Ìwé Òwe kọ́ wa ní orí 16, ẹsẹ 33, pé ènìyàn ni ó ń ṣẹ́ kèké, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Olúwa ni ìdájọ́ rẹ̀ ti í wá. Ọmọ tí wọ́n yàn ní ọjọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Hakeem Ọlájuwọ́n ni, ọmọ Yorùbá, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963. Ọ̀dọ́langba ni kí ó tó fọwọ́ kan irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1980 ni ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilé ìwé gíga ní Houston.

Ǹjẹ́ ẹ lè rò ó bí inú àwọn ará ìlú náà ti dùn tó? Àwọn òmìrán méjì nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo! Ní ọdún 1986, wọ́n dé ìdíje ìkẹyìn, Boston sì ṣẹ́gun wọn. Kò sí ẹni tí kò gbàgbọ́ pé ọdún tí ń bọ̀ ni tiwọn. Ṣùgbọ́n orúnkún Sampson bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún; wọ́n la orúnkún náà, kò sì padà rí bí ti àtijọ́ mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, a fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ọlájuwọ́n nìkan ni ó kù. Ọdún ń gorí ọdún, ife kò dé. Ní ọdún 1992, ìjà dé láàárín òun àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ó sì fẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1994 ni wọ́n tó gba ife, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1995. Ẹ kà á: láti ọjọ́ tí a yàn án títí di ọjọ́ ife, ọdún mẹ́wàá gbáko ni.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀, tí wọ́n sì bá ibi kíkà wa mu.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ojú ènìyàn kò tó láti wọn ènìyàn. Nígbà tí Sámúẹ́lì dé ilé Jésè, Élíábù ni ó kọ́kọ́ rí, ìdúró rẹ̀ sì wu wòlíì Ọlọ́run, títí Olúwa fi dá a dúró tí ó sì fi hàn án pé inú lọ́hùn-ún ni Òun ń wò. Bí wòlíì bá lè ṣìnà, àwa ńkọ́? Ní ọdún 1984 kan náà, Portland ni ó yàn ṣe ìkejì. Wọ́n mú Sam Bowie, ọmọ gíga tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni kẹta tí a pè lẹ́yìn rẹ̀ ni Michael Jordan, tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ní ọdún 2013 pẹ̀lú, ọmọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti kiri ọjà ní ìgboro Athens, jókòó ní ibi yíyàn náà. A pe orúkọ 14 kí a tó pe tirẹ̀. Giannis Antetokounmpo ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí wa mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni. Ní ọdún 2021, òun ni ó ṣíwájú Milwaukee gba ife. Jésè pe ọmọ méje kọjá níwájú wòlíì. Ẹ̀kẹjọ wà lẹ́yìn àgùntàn, bàbá rẹ̀ kò sì rántí láti ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì yín, tí ẹ kò tíì pe orúkọ rẹ̀ láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé òróró kò pa ọjọ́ dídúró run. Lẹ́yìn tí a ta òróró sí Dáfídì lórí, kò sùn sí ààfin ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó padà sẹ́yìn àgùntàn. Ó sá kiri nínú ihò àpáta, ó jẹ àkàrà àwọn àlùfáà, ó ṣe bí aṣiwèrè níwájú ọ̀tá. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó jọba ní Hébúrónì, ó sì tún di ọdún méje àti ààbọ̀ kí gbogbo Ísráẹ́lì tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ará Oǹdó mọ èyí ju àwọn mìíràn lọ. Ní ọdún 1877 ni Charles Phillips dé ìlú yín láti wàásù. Díẹ̀ ni àwọn tí ó gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1893 ni a tó yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ó rán an fẹ́ kórè ní ọdún kejì, ibo ni ìjọ Oǹdó ì bá wà lónìí? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí Ọlájuwọ́n ṣe ní ọjọ́ dídúró. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó ń sìn, kì í ṣe agbo tiwa. Ṣùgbọ́n ní oṣù ààwẹ̀ ọdún 1995, ó gbààwẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́, òun sì ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní oṣù Kejì ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí èyí dójú ti àwa tí a ń fi òòrùn ṣe àwáwí nígbà Lẹ́ńtì.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó wúwo lọ́kàn mi jù. Ìrètí tí kò ní ìfẹ́ nínú, owó èlé ni. A yá ọmọ ní ìyìn, a sì ń retí kí ó san án padà pẹ̀lú èrè; bí kò bá rí i san, a gba aṣọ lára rẹ̀. Àwọn tí ó kọrin fún ọmọ ní ọjọ́ Sátidé ni ó ń bú u ní ọjọ́ Àìkú nítorí pé ó pàdánù bọ́ọ̀lù kan. Ṣé orí pápá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ tí à ń pè ní ògo ìdílé nígbà tí ó ń gba ipò kìíní, nígbà tí ó bá kùnà ìdánwò àtiwọ ilé ìwé gíga lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ wo ni à ń pè é?

Èmi fúnra mi kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ọmọkùnrin kan wà ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí ó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìsinmi bí ẹni pé òun ni ó kọ ọ́. Gbogbo wa ń pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fún un ní orúkọ náà. Nígbà tí èsì ìdánwò rẹ̀ jáde tí kò sì dára, kò sí ẹni tí ó bú u. A kàn dákẹ́ ni. A fún ọmọ mìíràn ní ẹ̀kọ́ kíkà. Ó jókòó sí ẹ̀yìn fún ọjọ́ Ìsinmi mélòó kan, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́. Nígbà tí mo lọ bèèrè rẹ̀, oṣù mẹ́ta ti kọjá, ìyá rẹ̀ sì wí fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ó ti lọ sí Èkó. Ó ní òun kò lè jẹ́ orúkọ yẹn mọ́." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ìyá náà kò tíì kúrò létí mi. Àwa ni a dá orúkọ náà, a sì gbé e lé ọmọ lórí. Nígbà tí ó wúwo jù fún un, kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀ ọ́.

Ẹ wo bí Olúwa wa ti ṣe é. Òun náà fún ènìyàn kan ní orúkọ ńlá: ó pe Símónì ní Àpáta. Àpáta náà fọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, níwájú ìránṣẹ́bìnrin, kí àkùkọ tó kọ. Ǹjẹ́ Jésù wá ẹlòmíràn? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá a ní etí òkun, ó dáná, ó se oúnjẹ àárọ̀ fún un, ó bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun, ó sì dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrètí ayé àti ìrètí Krístì nìyí: ìrètí ayé ń wo ohun tí yóò rí gbà lọ́wọ́ ọmọ, ìrètí Krístì ń wo ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí pápá ìṣeré ní Àkúrẹ́, ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹnu tí ẹ fi gba Ara Olúwa ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ yin ọmọ yín nítorí òtítọ́ àti ìforítì rẹ̀ ju ipò rẹ̀ lọ, kí ó lè ní ohun tí yóò kù fún un ní ọjọ́ tí ipò bá yẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ tí ó kùnà ní ẹ̀kọ́ kíkà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìgbọ́wọ́lé, ẹ má bẹ̀rù orúkọ tí a fún yín. Ẹni tí ó pè yín mọ bí ẹ ti lágbára tó, kò sì ní dákẹ́ sí yín ní ọjọ́ ìkùnà.

Bí ọmọ kan bá sì wà ní ìjọ yín tí ẹ kò rí mọ́ láti ìgbà tí èsì rẹ̀ ti jáde, ẹ má dúró fún oṣù mẹ́ta bí mo ti dúró. Ẹ dìde lọ sí ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Sámúẹ́lì wí pé wọn kò ní jókòó títí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn àgùntàn yóò fi dé. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wa, láti Kàtídírà Dáfídì Mímọ́ ní Àkúrẹ́ títí dé ti Stẹ́fánù Mímọ́ ní Oǹdó, àti ní gbogbo ìjọ kéékèèké tí ó wà láàárín wọn.

Kí Ọlọ́run Baba, tí kì í rẹ̀ láti retí wa, bùkún àwọn ọmọ wa, kí ó sì kọ́ wa ní sùúrù. Àmín.