Ilé Ẹ̀kọ́ Tó Yege: Àwọn Ọmọ Wo Ni Ó Gbà Wọlé?

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò sọ ọmọ ta ni. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni, ó sì lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò ẹni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín nìyí: bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń ná owó ìlú, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó gbà dáadáa, ǹjẹ́ ó tún jẹ àwọn ọmọ tí kò gbà ní gbèsè kan?

Ní Amẹ́ríkà ni ìbéèrè yìí ti hàn kedere. Ní 1991, ìpínlẹ̀ Minnesota ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní charter. Ní 1992, àkọ́kọ́ nínú wọn ṣí ilẹ̀kùn ní ìlú Saint Paul. Owó ìjọba ni wọ́n ń ná, ọmọ kì í san owó ilé ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó dá dúró ni ó ń darí wọn lábẹ́ àdéhùn. Bí wọn kò bá mú àdéhùn ṣẹ, a lè tì wọ́n pa. Bí àwọn tí ń wá àyè bá pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Níbi púpọ̀, bí ọmọ bá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò, púpọ̀ nínú owó tí ó tọ́ sí i yóò bá a lọ. Báyìí ni oríṣi ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, tí àwọn ènìyàn sì ń fi wọ́n wéra.

Ìfiwéra náà kò rọrùn. Ní 2009, àwọn olùwádìí CREDO ní Yunifásítì Stanford wo ìpínlẹ̀ 16. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, 17 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ẹ̀kọ́ charter ni ó ta ilé ẹ̀kọ́ ìjọba yọ, 37 rẹ̀yìn sí wọn, àwọn ìyókù kò sì yàtọ̀. Nínú ìròyìn wọn ti 2023, àwọn ọmọ charter ti ṣíwájú díẹ̀. Bí orúkọ nìkan kò ti sọ ilé ẹ̀kọ́ di rere, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó yege kò sọ gbogbo òótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè kún fún ọmọ tálákà, ọmọ aláàbọ̀ ara àti ọmọ tí kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, kí irú wọn má sì tó nǹkan ní èkejì. Ẹni tí ó bá gbé àgbàdo tí a ti ṣà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kò ṣà, kò tíì mọ oko tí ó dára jù. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣà á ni ó rí.

Ní Boston, Joshua Angrist, tí ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí ó tọ́ sí i. Wọ́n fi àwọn ọmọ tí kèké mú wé àwọn tí kèké kò mú. Gbogbo wọn ni òbí wọn ti wá àyè. Kèké nìkan ni ó yà wọ́n. Àwọn tó wọlé sì tẹ̀síwájú gidigidi. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé ṣíṣa ọmọ nìkan ni gbogbo àṣeyọrí charter. Síbẹ̀, àárín àwọn tó béèrè nìkan ni kèké ti ń ṣe òdodo. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò gbọ́, tàbí tí kò lè ka ìwé ìbéèrè, kò sí nínú kèké rárá. Ní àwọn ọdún náà, àwọn ọmọ tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò pọ̀ ní charter Boston bí wọ́n ti pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 2010, òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts pàṣẹ pé kí charter kọ̀ọ̀kan ní ètò láti wá irú wọn kàn, kí ó sì rí i pé wọn kò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ náà ń jèrè bí wọ́n bá wọlé.

New Orleans kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìlú yìí kò jìnnà sí wa nínú ìtàn: láti Ouidah ni ọkọ̀ àwọn Faransé ti kó púpọ̀ nínú àwọn ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ di ẹrú ní Louisiana ní 1719. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, pàdánù iṣẹ́. Charter sì gba ipò. Èsì ìdánwò gòkè. Ìwádìí Yunifásítì Tulane jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n òbí ní láti máa ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, àwọn kan tí ọmọ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2010. Ní 2012, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí lo ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣọ́ èsì tirẹ̀ nìkan, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ tó bọ́ sí àárín.

Ẹnìkan lè wí pé ojúṣe kan ṣoṣo ni olùkọ́ ní: ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Òótọ́ ni fún olùkọ́. Kò tó fún ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ nínú ìkòkò ìlú, nítorí ohun tí ó bù ń dín ti ẹlòmíràn kù. A kò sọ pé kí a ti ilé ẹ̀kọ́ tó dára pa kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ebi tó ń pa ẹnìkan kò lè yó ẹlòmíràn. Gbèsè tí ó jẹ ni pé kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tó ṣòro láti kọ́, kí ó má fi iye àwọn tó já kúrò pamọ́, kí ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ han àwọn yòókù. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba náà kò gbọdọ̀ fi òṣì àwọn ọmọ ṣe àwíjàre fún ẹ̀kọ́ tí kò dára.

Ní ilẹ̀ wa náà, nígbà tí èsì CEP, BEPC tàbí BAC bá jáde, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni iye tó yege nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè méjì kún un: ọmọ mélòó ni ó bẹ̀rẹ̀, ibo sì ni àwọn tí kò dé ibi ìdánwò wà? Ọmọ tí a yọ orúkọ rẹ̀ kí èsì lè dára kò kúrò ní ìlú. Àárín wa ni yóò dàgbà sí, òun àti àwọn ọmọ wa ni yóò sì jọ máa gbé.